Lẹ́tà sí Àkànmú láti Woking

Àkànmú mi, olówó orí mi,

Ṣé ara Màmá ti le? Bá mi kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n fi rán èèyàn sí mi ti dé ọwọ́ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́.

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp nípa ìwé Joe Haldeman dé. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo tún gbọ́ ọ ní ilé ìdáná, mo sì tún gbọ́ ọ kí n tó sùn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ìwọ ni mò ń gbọ́: bí o ṣe máa ń jiyàn, tí wàá dákẹ́ díẹ̀ kí o tó wá sọ ibi tó dùn ọ́ jù. N kò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè ká a sí àárín ìwé tí o bá ń kà lọ́wọ́, kí ohun tí ọwọ́ mi kọ wà níbi tí ọwọ́ rẹ wà.

O ní ìparí The Forever War rọrùn jù, pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí ogun tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí òǹkọ̀wé kàn gbé olólùfẹ́ rẹ̀ fún un padà lójú ewé tó kẹ́yìn. Àkànmú, n kò gbà. Ìwé ọdún 1974 ni. Haldeman fúnra rẹ̀ ti jagun ní Vietnam, ó sì gbọgbẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìlù àti fèrè nínú ogun tirẹ̀. Mandella àti Marygay jẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú sánmà kó lọ síbi tó jìnnà kọjá òǹkà. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń sáré súnmọ́ eré ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í bá ti ará ilé dọ́gba mọ́: oṣù díẹ̀ lójú tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni fún àwọn tó fi sílẹ̀. Einstein ló là á fún wa bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Haldeman ló hùmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ológun wá pín àwọn méjèèjì sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n mọ̀ pé ó parí. Bí ọta kò tilẹ̀ ba ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ padà dé yóò ti darúgbó, yóò ti kú, wọn yóò ti gbàgbé sàréè rẹ̀ kí èkejì tó dé.

Ọdún 3138 ni Mandella dé. Lẹ́tà ló bá. Marygay ti dé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Òun àti àwọn mìíràn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ogun àlòkù kan, wọ́n ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní eré àsápajúdé. Wọn kò ní ibi kankan tí wọ́n ń lọ, kí ọjọ́ má baà ká wọn mọ́ nìkan ni. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá nílẹ̀, oṣù kan péré ni Marygay fi ń dàgbà. Ṣé ìyẹn lo pè ní rírọrùn? Obìnrin yìí wo ohun tó là wọ́n láàárín, ó rí i pé àkókò ni, ó sì lọ ra ohun èlò tó lè bá àkókò jà. Ó yé mi nítorí pé ohun tí mò ń ṣe níbí nìyẹn. Gbogbo ṣíìfù òru tí mo gbà kún tèmi, gbogbo owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún físà àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ, ọkọ̀ Marygay ni mò ń rà. Iṣẹ́ ni kéèyàn dúró de ẹni tó fẹ́ràn, Àkànmú. Haldeman mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí obìnrin náà gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ni H. G. Wells jẹ́ kí àwọn ará Máàsì kọ́kọ́ balẹ̀ sí nínú The War of the Worlds. Ọdún 1895 ló kó wá sí Woking. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn kiri àdúgbò, tí yóò máa yan ilé àti òpópónà tí àwọn ẹ̀dá inú ìwé rẹ̀ yóò run. Wọ́n ti gbé ère irin ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn sí àárín ìgboro, ó ga tó mítà 7, àwọn èèyàn sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n Horsell Common ni mo fẹ́ kí o rí, níbi tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Igi páìnì ló pọ̀ níbẹ̀, yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, kòtò yanrìn tí ó kọ nípa rẹ̀ ṣì wà. Bí mo bá débẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, n kì í bìkítà ẹni tó bá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wa ni ìwé náà. Inú Pearson's Magazine ló ti kọ́kọ́ ń jáde ní 1897, kó tó di odindi ìwé ní 1898. Ní oṣù Kejì ọdún 1897 yẹn kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, tí wọ́n kó o, tí iná sì jó o. Ọdún márùn-ún ṣáájú, ìbọn Maxim ti fọ́ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Wells kò dárúkọ tiwa. Àwọn ará Tasmania ló dárúkọ ní orí kìíní, pé kí àwọn ará ilé òun tó dá Máàsì lẹ́jọ́, kí wọ́n rántí ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun fojú wọn rí. Lẹ́yìn náà ló wá da ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lé Surrey níbí lórí, abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n lè mọ bó ti ń rí. O máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ pé Wells tutù jù, pé kò ní ìfẹ́ ẹ̀dá nínú. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ wá dúró lórí yanrìn yìí ná.

Bàbá kan wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tó ti ń ka irú ìwé báyìí láti kékeré. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, nítorí náà mo máa ń ka ìwé Wells yìí sí i létí nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Bàbá fẹ́ràn ibi tí gbogbo ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń sá, tí èrò àti ẹṣin há mọ́ ojú ọ̀nà. Èmi ní ti ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà ni mo fẹ́ràn jù. Ó gbé aya rẹ̀ lọ fi pa mọ́ ní Leatherhead, ogun sì pín wọn níyà. Gbogbo iná àti èéfín dúdú tí àwọn èèyàn fi ń pọ́n ìwé yẹn lé, ọkùnrin kan ló ń rìn láàárín wọn tó ń ronú pé ìyàwó òun ti kú. Ìgbà tó padà sí ilé wọn níbí, ní Woking, ló bá a láàyè. Bàbá ní òun kò tilẹ̀ rántí ibẹ̀. Mo tún ibẹ̀ kà fún un, ohùn mi sì ń gbọ̀n.

Ìjà wa lórí Amos Tutùọlá kò tíì parí o. O ní ìtàn iwin ni tirẹ̀, kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Ó dáa, gbé My Life in the Bush of Ghosts sílẹ̀ níwájú rẹ. Ọdún 1954 ló jáde. Ọmọ ọdún méje sá fún ogun kó ẹrú, ó wọ igbó àwọn iwin, ọdún 24 ló lò níbẹ̀. Níkẹyìn, iwin obìnrin kan tí egbò bo gbogbo ara rẹ̀ wá bá a pé kó máa fi ahọ́n lá egbò náà lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Kí ó lè gbà, iwin náà ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án. Ọmọkùnrin yìí wo inú àtẹ́lẹwọ́ náà, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n ni Tutùọlá pe ọwọ́ yẹn. Àkànmú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ yẹn! Ọdún márùn-ún ṣáájú ni ọmọ Abẹ́òkúta yìí ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ibi tí gbogbo wa ń gbé e sí lónìí.

Jules Verne ro ọkọ̀ abẹ́ omi jinlẹ̀, a yìn ín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Tutùọlá ro ohun tí ẹni tó jìnnà sílé yóò fi ẹ̀rọ ṣe. Èyí le ju ti Verne lọ lójú mi. Tún wo ohun tó fi í ṣe: nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ọmọ náà rí i tí ẹnì kan gbé ọmọ elégbò tọ ìyá rẹ̀ wá, ó rí ewé tí ìyá rẹ̀ lò, òun náà já irú ewé bẹ́ẹ̀, ó sì wo egbò iwin náà sàn. Ẹ̀kọ́ ilé dé bá a nínú igbó. Ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ìyá rẹ̀. Iwin mú ọwọ́ kúrò, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín ọ̀rọ̀ wa, tí ẹnu rẹ là sílẹ̀ lórí fóònù tí kò mì mọ́, ọwọ́ tí iwin mú kúrò yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì, sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Nínú àwọn tuntun, mo ti parí Rosewater ti Tade Thompson, èyí tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Dókítà ọpọlọ ni òǹkọ̀wé náà, ó sì hàn. Nàìjíríà ọdún 2066 ni, ìlú kan hù yí ilé rìbìtì tí àwọn àjèjì láti òfurufú kọ́ ká, ilé náà ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àìsàn àwọn tó dúró níbẹ̀ a sì sàn. O ní Kaaro, akọni rẹ̀, kò ṣe é fẹ́ràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, olè ni o, onímọ̀-tara-ẹni ni. Èmi tí mò ń wo aláìsàn lójoojúmọ́ mọ bí ojú èrò tó ń dúró de ìwòsàn yẹn ṣe máa ń rí. Mo tún ka Death of the Author ti Nnedi Okorafor tó jáde ní 2025. Zelu ni akọni rẹ̀, bàbá rẹ̀ Ìgbò, ìyá rẹ̀ Yorùbá, kò lè rìn láti ìgbà tó já bọ́ lórí igi ní kékeré, ó wá kọ ìwé nípa àwọn róbọ́ọ̀tì, ìwé náà sì sọ ọ́ di olókìkí. Ìjà àwọn ẹbí rẹ̀ wọ̀ mí lára ju àwọn róbọ́ọ̀tì lọ. Màá fi ránṣẹ́ bí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Èyí tí màá fẹ́ kí a jọ bẹ̀rẹ̀ báyìí ni The Dispossessed ti Ursula K. Le Guin. Mo mọ̀ pé o rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, pé o kò tíì ṣí i. Shevek jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ìmọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀rọ tí ará ayé kan yóò fi bá ará ayé mìíràn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí ó jìnnà tó. Síbẹ̀, ọ̀dá dá ní ìlú wọn, iṣẹ́ gbé e lọ síbì kan, ó gbé Takver aya rẹ̀ àti ọmọ wọn lọ síbòmíràn, ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi rí ara wọn. Kà á dé ibẹ̀, kí o dúró. Má fo ojú ewé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó yẹ kí Shevek kọ iṣẹ́ yẹn kí ó má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀ rárá. Mo ti ní èrò tèmi, n kò sì ní sọ ọ́ títí tìrẹ yóò fi dé. Fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé náà bí o ṣe máa ń ṣe, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí, Àkànmú, ó ń sọ mí gan-an.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ