Orúkọ Ọkọ Mi Ló Wà Nínú Ìwé Ilẹ̀

Ẹrú ni èmi àti ọkọ mi nígbà tí a fẹ́ ara wa ní Kentucky. Òfin ò ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí. Bó bá wu olówó ẹni, á ta ọkọ síhìn-ín, á ta aya sọ́hùn-ún. Ọdún 1866, lẹ́yìn òmìnira, ni ìjọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí irú wa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù. A gbé ọmọ pọ̀n lọ síbẹ̀.

Ní 1877, a gbọ́ pé àwọn èèyàn dúdú ń tẹ ìlú kan dó ní Kansas, Nicodemus lórúkọ rẹ̀. Rélùwéè gbé wa dé Ellis, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. A ń wá ìlú kiri, àṣé orí òrùlé rẹ̀ la dúró lé! Ihò ni wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ọkọ mi ò lè wojú mi, nítorí òun ló ní ká wá. Lọ́dún yẹn, bí kì í bá ṣe àwọn Osage, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń tọdẹ bọ̀, tí wọ́n fún wa lẹ́ran, ebi ì bá lù wá pa.

Òfin pínpín ilẹ̀ ti ọdún 1862 ní kí èèyàn gbé orí ilẹ̀ fọ́dún 5, kó dáko síbẹ̀, éékà 160 á di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n owó dà? Àwọn ọkọ wa ní láti lọ ṣe lébìrà nídìí rélùwéè, oṣù lórí oṣù. Bí ilé bá sì ṣófo pẹ́, ẹlòmíràn lè gba ilẹ̀ náà. Àwa ìyàwó la dúró ṣọ́ ọ. Igi ìdáná ò sí, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ la fi ń dáná. A ń ṣa egungun ẹfọ̀n tà. Ọkọ́ ni mo fi kọ ebè àgbàdo. Nígbà tí baálé mi dé, àbíkẹ́yìn wa sá fún un bí àlejò, òun náà sì ń ráhùn pé ebè mi wọ́. Mo gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Rélùwéè tí a ń retí gba ibòmíràn lọ ní 1888, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwa ò lọ.

Òfin pínpín ilẹ̀ yẹn gba opó láyè láti gbalẹ̀, ó gba ọmọge tó ti pé ọdún 21. Aya ilé ni kò gbà. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn tó tẹ Nicodemus dó, ẹ ka tàwọn ìyá yín mọ́ ọn.