Òkè nìkan ni mo tì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ bí verifier Linux ṣe jẹ́ kójú mi rí màbo lánàá.

Aago méjì òru. Àárọ̀ ni mo máa fi iṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́ síbi tí mo ti ń wáṣẹ́. Program eBPF kékeré báyìí ni o. Ṣùgbọ́n kó tó lè wọ kernel, verifier á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo register ló ń ṣọ́: ṣé pointer ló wà níbẹ̀ ni àbí nọ́ńbà lásán? Nọ́ńbà ọ̀hún, èló ló lè kéré mọ, èló ló lè pọ̀ dé?

Báìtì 64 ni àyè tí mo ní. Mo sì ti kọ ọ́ pé àfi tí len bá kéré sí 64. Kí ló tún kù? Ó láwọn ò gbà: "R2 min value is negative".

Mo bú u. Ẹ̀yin náà á bú u, ẹ má purọ́.

Ìgbà tí mo mumi tán ni mo rí i. Int ni mo pe len. -1 náà ṣáà kéré sí 64! Tí -1 yẹn bá dé ibi tí wọn kì í ka ohun tó wà lábẹ́ òdo, ó ti di bílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹ̀sún nìyẹn. Òkè nìkan ni mo tì, ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

(Òun náà máa ń ṣìrò o. CVE-2020-8835, ẹ lọ wò ó: ààlà nọ́ńbà 32-bit ló ṣì ṣírò.)

Mo sọ int di unsigned, ó wọlé. Aago mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́. Wọn ò tíì fèsì.