Níbo Ni Kí Ọmọ Wa Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ wa ti ilé ẹ̀kọ́ gíga wọlé dé bá wa ní Kọ́bapẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí: “Ìtàn Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ó ti wá a lórí fóònù, ohun tó rí pọ̀ bí eṣú, kò sì mọ èyí tí yóò mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ ti sọ fún un pé ẹnìkan wà tó ń bá ènìyàn kọ ọ́ gba owó. A ní kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí.

Àkọlé kì í ṣe ìbéèrè. A bi í léèrè ohun tó ti mọ̀. Ó ní Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, ló dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859, àti pé ó dópin ní 1867. “Kí ló pa á?” la bi í. Kò lè dáhùn. A ní, “Ìbéèrè rẹ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa onígbàgbọ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹwàá 1867 ni wọ́n fọ́ àwọn ilé ìjọsìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Ifọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pè é. Kì í ṣe ìkórìíra Ìyìn Rere nìkan ló fà á o. Aáwọ̀ lórí ilẹ̀ àti òwò wà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó, èyí tí Glover ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, ó ti mọ ibi tí yóò wò.

Ní láíbìrì, a ní kó wá ìwé Biobaku lórí àwọn Ẹ̀gbá, tó jáde ní 1957, àti ti Ade Ajayi lórí àwọn ìjọ míṣọ́ọ̀nù, ti 1965. Ẹ̀yìn ìwé ni kó kọ́kọ́ ṣí, níbi tí òǹkọ̀wé ti dárúkọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé sórí pélébé ìwé kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. (Iṣẹ́ yìí ni wọ́n máa ń sá fún jù!) Bí àgbà àdúgbò bá sọ̀tàn fún un, kó kọ ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ní alẹ́ Sátidé, ojú ìwé kan péré ló kọ, ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́. Owó mọ́tò Ìbàdàn la ń tu jọ báyìí, nítorí àwọn ìwé àtijọ́ CMS wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì níbẹ̀.