Tablẹ́ẹ̀tì Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọmọ Awo

Bí ìyàwó Ifá ní Dublin bá ń wá tablẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe nítorí fíìmù. Ohun tí olúwo rẹ̀ ń ki láti Nàìjíríà ni ó fẹ́ gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti tọ́.

Àmì ohùn ni mo kà sí jù. Ọkọ́ ń roko, ọkọ̀ ń gbéni, ọkọ sì wà nílé. Àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode: ẹ̀rọ ní láti to lẹ́tà àti àmì pọ̀ ni. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ pọ́ọ́kú mìíràn ti ń tàsé, tí àmì yóò bọ́ sórí lẹ́tà kejì. Kí ẹ tó sanwó fún alòkù ní Moore Street, ẹ tẹ Ọ̀ṣẹ́ àti Ìrẹtẹ̀ sí i, kí ẹ wò ó.

Ààyè ìpamọ́ ló kàn. Odù 256 kò kéré, ẹsẹ inú wọn kò sì lóǹkà. Bí wọ́n bá kọ 32GB sára páálí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó ní ihò fún mẹ́mọ́rì káàdì. (iPad, pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀, kò ní.) Kámẹ́rà? Ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí awo bá re Ìtunlà, ohùn rẹ̀ lè má sí níbòmíràn ju inú ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ kan lọ, ẹ̀rọ tí ó lè já bọ́ nínú Luas. Nítorí náà ni mo ṣe ń ra káàdì méjì: ọ̀kan fún mi, èkejì lọ́dọ̀ ọmọ awo mìíràn.