Àwo Márùn-ún Tí Mo Yàn Nínú Iṣẹ́ Fẹlá

Àwọn àgbà ní ká jà bí ká kú kọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àríyànjiyàn tí ó máa ń wà láàárín èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí orin Fẹlá Aníkúlápò-Kútì ìbá ti tú wa ká tipẹ́. Ẹnìkan a ní Zombie ni olórí gbogbo àwo tí ó ṣe; òmíràn a ní irọ́ ni, kò sí èyí tí ó tó Gentleman; ẹnìkẹta, tí kò tíì gbọ́ ju àwo méjì lọ, ni ohùn tirẹ̀ a máa ga jù. Mo rò ó, mo rí i pé ó yẹ kí n kọ èrò tèmi sílẹ̀, kí àwọn olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lè bá mi gbé e yẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n tí mo lò. Fẹlá kì í ṣe akọrin lásán, eléré ni. Bí Hubert Ògúndé ti ń fi orin gbé eré rẹ̀ ró, bẹ́ẹ̀ ni Fẹlá ń fi eré gbé orin tirẹ̀ ró. Ẹni tí ó bá dé ibùdó rẹ̀ tí ó pè ní Shrine ní ayé ọjọ́un yóò rí àwọn obìnrin oníjó tí wọ́n kun ojú, yóò gbọ́ elégbè tí ń dáhùn, yóò sì gbọ́ Fẹlá tìkára rẹ̀ tí ń fi ìjọba àti àwọn ènìyàn ńlá ṣe ẹ̀fẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo wò nínú àwo kọ̀ọ̀kan: èkíní ni ìlù àti fèrè, èkejì ni ọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ni eré, èyí tí í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí bí ó bá di ojú tí ó sì ń gbọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni ó wúwo jù lójú mi.

Èyí tí ó ṣe ìkarùn-ún ni Gentleman, tí ó jáde ní ọdún 1973. Páálí rẹ̀ nìkan tó ẹ̀rín: ọ̀bọ ni ó wọ kóòtù. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó fi kóòtù àti táì di ara rẹ̀ pa nínú oòrùn ni Fẹlá ń fi ṣẹ̀sín. Igo Chico tí ń fun fèrè sakisofóònù fún un ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ní àkókò náà. Fẹlá fúnra rẹ̀ kọ́ fèrè náà, ó sì fun ún nínú àwo yìí. Mo fẹ́ràn ẹni tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró nítorí ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni orin náà, kò sí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹrin ni Shuffering and Shmiling ti ọdún 1978. Ẹni tí ó bá mọ Mowe àti Ibafo, lórí títì màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò mọ ìdí tí mo fi yàn án. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn ìjọ ńláńlá wà: ibùdó Ìràpadà kò jìnnà sí Mowe, ìlú àdúrà ti Òkè Iná kò sì jìnnà sí Ibafo. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ̀ a tò lọ bí ìjàlọ. Orin yìí kò fi ti Kristẹni sílẹ̀, kò fi ti Mùsùlùmí sílẹ̀. Ó ní ìyà ń jẹ wá láyé, à ń rẹ́rìn-ín, à ń retí ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí à ń wọ̀ kún bí ìgbà tí a di ẹja sínú agolo. Mo fi í fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ará Mowe gbọ́. Ìyá rẹ̀ kì í pa àìsùn jẹ. Ó dákẹ́ títí orin fi parí, ó ní, “Ìyá mi wá omi ẹ̀rọ, kò rí i. Ó wá ilé ìwòsàn, kò rí i. Àdúrà ni ó rí. Ṣé kí ó sọ èyí tí ó rí nù ni?” N kò rí èsì fún un. Fẹlá rí ìyà ìyá náà kedere, ṣùgbọ́n kò bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Ìkẹrin ni mo fi í sí.

Ìkẹta ni Expensive Shit, ti ọdún 1975. Ẹ jọ̀wọ́, n kò ní túmọ̀ orúkọ yẹn níwájú àwọn olùkọ́ wa. Ìtàn rẹ̀ ni pé ní ọdún 1974 àwọn ọlọ́pàá mú Fẹlá nítorí igbó; ó gbé ẹ̀rí náà mì; wọ́n tì í mọ́lé kí ó lè yà á; nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò bá igbó níbẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di orin. Ṣùgbọ́n ojú kejì àwo náà, Water No Get Enemy, ni ó mú mi. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ẹ wò ó dáadáa: omi, kò, ní, ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, Fẹlá sì fi Píjìn rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láì yí ipò ẹyọ kan padà. Àwọn kan máa ń bú u pé ó kọ èdè bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Píjìn. Èmi kò gbà. Aṣọ ni ó pààrọ̀ kí ará Gánà àti ará Kano lè dá a mọ̀. Yorùbá ni ẹni tí ó wọ aṣọ náà.

Ìkejì ni Zombie, ti ọdún 1976. Mo mọ̀ pé níbí ni ọ̀pọ̀ yóò ti bínú sí mi. Kò sí ìlù tí ó tó ti Tony Allen nínú àwo yìí, kò sì sí eré tí ó ṣe kedere tó o: Fẹlá di ọ̀gá ṣọ́jà, ó ń pàṣẹ, elégbè ń dáhùn, ènìyàn a sì máa rí ṣọ́jà tí ń yan láìmọ ibi tí ó ń lọ. Àwọn tí ó kàn kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé rẹ̀. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ẹni ọdún 76 ni. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978.

Èyí ni ó gbé wa dé orí èkíní, Coffin for Head of State, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1979, Fẹlá ti ṣe Unknown Soldier, nínú èyí tí ó ti ro ẹjọ́ náà tí ó sì sunkún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀ mọ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó olórí ìjọba, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn ìrìn yìí ni àwo náà ń sọ. Ìlù rẹ̀ kò yára, fèrè rẹ̀ kò pariwo. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó ru ẹrù ni mò ń gbọ́.

Olórí ìjọba ọjọ́ náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Ibogun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Ìfọ̀ ni èmi náà ti ń wá sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo sọ fún bàbá kan ní àdúgbò wa pé àwo yìí ni mo fi ṣe èkíní, ojú rẹ̀ le. Ó ní, “Ọmọ wa ni ẹ fi ń kọrin yẹn. Ta ni ṣọ́jà tí ó kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá wọ́ọ́rọ́wọ́ nílẹ̀ yìí, bí kì í bá ṣe òun?” Òtítọ́ ni bàbá sọ: ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni Ọbásanjọ́ fa ìjọba lé Shehu Shagari lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni ẹni tí ó gbé pósí náà, ìyá wa sì ni ẹni tí ó kú.” Bàbá kò fèsì, kò sì lé mi.

Ohun tí mo rí nínú àwo yìí tí mo fi gbé e ga nìyí. Ní ọdún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí. Wọn kò jà. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin, títí ọ̀rọ̀ fi di ohun tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni Fẹlá nígbà náà. Ọgbọ́n kan náà ni ó lò ní Dodan: gbé ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó yẹ kí ó dáhùn, sọ ọ́ kalẹ̀, kí o sì kọrin. Ìyá ni ó kọ́ ọ ní eré náà, pósí ìyá ni ó sì fi ṣe é. Kò sí àwo mìíràn nínú iṣẹ́ Fẹlá tí orin, ọ̀rọ̀ àti eré ti di ẹyọ kan báyìí.

Èyí ni tèmi. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kí ó mú gègé, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. N kò ní bínú, bí ó bá ti lè sọ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n.