Ìjà Lórí Gígùn Ìlà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ wa. Kì í ṣe towó o, gígùn ìlà ni! Èdè Python ni wọ́n ń lò. Òfin PEP 8 ti 2001 ní kí ìlà má ju àmì 79 lọ. Flake8 ló ń ṣọ́ ọ. Black ní tirẹ̀ ń to ìlà dé 88. Ohun tí Táyé bá fi Black tò, Flake8 Kẹ́hìndé á ní kò dáa. Àtúnṣe kékeré tó yẹ kó jáde láàárọ̀ di ọjọ́ kẹta. (Èmi ì bá ti na àwọn méjèèjì!)

Wọ́n wá kọ 88 sínú fáìlì ìlànà tó ń bá iṣẹ́ náà rìn, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà àpapọ̀ ń yẹ iṣẹ́ oníkálukú wò kó tó gbà á wọlé. Kẹ́hìndé ṣì ń kùn pé 79 ló dára jù. Kó máa kùn lọ.