Àwọn Tí Ń Ya Fọ́tò Òkè Oníná

Bí a bá kìlọ̀ fún ọmọ apẹja ní etí òkun Àgbádárìgì pé ìgbì ńlá ń bọ̀, yóò sá, nítorí ojú rẹ̀ ti rí ìgbì rí. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún un pé òkè kan fẹ́ tu iná, ẹ̀rín ni yóò fi wá rín. Iyanrìn àti ọ̀sà ni ó mọ̀. Òkè Kamẹrúùnù, tí ó tu iná ní ọdún 1999 àti 2000, jìnnà sí i.

Irú àìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó pa ìlú Armero ní ilẹ̀ Kòlóńbíà. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀, ṣùgbọ́n a kò kó àwọn ará ìlú kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1985, òkè Nevado del Ruiz tu iná. Yìnyín orí rẹ̀ yọ́, ó di àgbàrá ẹrẹ̀, ó sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó kú ju 20,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dun tọkọtaya ará Faransé kan gidigidi, Maurice àti Katia Krafft. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lépa òkè oníná káàkiri ayé. Katia a máa ya fọ́tò, Maurice a sì máa ya sinimá, nítòsí òkúta tí ó yọ́ bí epo gbígbóná. Wọ́n wá ṣe sinimá kan láti fi han ẹni tí kò rí i rí bí irú òkè bẹ́ẹ̀ ti ń pa ènìyàn.

Ní ọdún 1991, òkè Pinatubo ní ilẹ̀ Filipíìnì jí lẹ́yìn oorun nǹkan bí 500 ọdún. Àwọn ará ibẹ̀ ń ṣiyèméjì, títí a fi fi sinimá náà hàn wọ́n, àti mẹ̀kúnnù àti ìjòyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún náà, tọkọtaya yìí wà ní òkè Unzen ní Jàpáàn. Ìkùukùu eérú gbígbóná ya wálẹ̀, ó sì pa ènìyàn 43, àwọn méjèèjì pẹ̀lú. Kì í ṣe ayafọ́tò nìkan ni ó kú níbẹ̀: àwọn panápaná àti awakọ̀ takisí tí ó gbé àwọn oníròyìn wá bá a lọ. Ẹni tí ó bá ń yin ìgboyà kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn wọ̀nyí.

Ọjọ́ 12 lẹ́yìn èyí, Pinatubo bú gbàù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú síbẹ̀, pàápàá lábẹ́ òrùlé tí eérú àti òjò wó. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ìkìlọ̀ yọ nínú ikú kò dín ní 5,000.